Irin Tí Alágbẹ̀dẹ Kankan Kò Yọ́

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1818, ọkọ̀ ojú omi méjì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Isabella àti Alexander, ń wá ọ̀nà láàárín yìnyín ní ìwọ̀-oòrùn àríwá Greenland. John Ross ni ọ̀gá wọn. Ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà lókè Kánádà bọ́ sí ìhà Éṣíà ni wọ́n bá wá. Níbẹ̀ ni wọ́n ti pàdé àwọn ènìyàn kan tí òyìnbó kò mọ̀ pé wọ́n wà láyé, ìyẹn àwọn Inughuit, tí wọ́n ń gbé níbi tí ènìyàn lè gbé dé ní àríwá ayé. John Sacheuse, ọmọ Greenland tó ń ṣe ògbufọ̀ fún Ross, ló jáde lọ bá wọn. Lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi í ni pé, ṣé inú oòrùn ni àwọn ọkọ̀ yẹn ti wá ni, àbí inú òṣùpá?

Ìbéèrè yẹn lè pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ̀rín náà kò ní pẹ́ lẹ́nu ẹni tó bá mọ ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn tó béèrè. Ọ̀bẹ ni. Eegun ni èèkù rẹ̀, irin sì ni ẹnu rẹ̀. Ìyàlẹ́nu ńlá nìyẹn jẹ́ fún Ross, nítorí kò sí igi kan tó ń hù níbẹ̀ tí wọ́n lè fi ṣe èédú, kò sí àgbẹ̀dẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí oníṣòwò tó ń bá wọn ná. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti rí irin, wọ́n ní ó wà lórí òkè kan nítòsí etíkun, pé àwọn kàn ń gé e díẹ̀díẹ̀ ni.

Ross kó díẹ̀ lára ọ̀bẹ náà lọ sílé. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní London, wọ́n bá níkẹ́ẹ̀lì nínú rẹ̀, ìyẹn mẹ́táàlì kan tó máa ń bá irin ojú ọ̀run rìn. Níkẹ́ẹ̀lì yìí ló tú àṣírí: irin náà kò ti inú ilẹ̀ wá. Ojú ọ̀run ló ti wá.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Báwo ni irin ṣe lè já láti ojú ọ̀run? Ta ló yọ́ ọ? Ṣé ìràwọ̀ ló já ni?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí ojú irin ń rí kó tó di irin. Nílẹ̀ wa, àwọn tó ń yọ́rin láyé àtijọ́ kì í rí irin he nílẹ̀. Òkúta tó ní irin nínú ni wọ́n ń wà, wọn á fọ́ ọ, wọn á kó o sínú iléru amọ̀ pẹ̀lú èédú, wọn á sì dáná sí i fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Iná nìkan kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Irin tó wà nínú òkúta yẹn ti so pọ̀ mọ́ ọ́síjìn, bí ìgbà tí àdá bá dípẹtà. Èédú tó ń jó ló máa ń já ọ́síjìn náà gbà kúrò lára rẹ̀. Ìdàrọ́ á lọ sọ́tọ̀, irin á kù. Ẹni tó bá ti gbàgbé ọkọ́ sóko ní òjò oṣù Keje mọ̀ pé ìdàkejì rẹ̀ kì í ṣòro rárá. Omi àti afẹ́fẹ́ ayé wa kì í jẹ́ kí irin dúró gẹ́gẹ́ bí irin. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá rí irin pọ́ńbélé nílẹ̀, tí kò sí iléru nítòsí, ó yẹ kó dúró béèrè ìtàn rẹ̀.

Ìtàn irin Cape York, ibi tí àwọn Inughuit ti ń gé irin wọn (ti Greenland ni mò ń sọ o, kì í ṣe ti Ọsirélíà) bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 4,500 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí oòrùn wa ṣì jẹ́ ọmọdé. Eruku àti òkúta ló ń yí i po nígbà náà, tí wọ́n ń kọlu ara wọn, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ra, títí àwọn kan fi di òkúta ràbàtà tí fífẹ̀ wọn tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà. Irin wà nínú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, ó fọ́n ká bí iyọ̀ nínú ọbẹ̀. Inú àwọn kan lára wọn sì gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi yọ́, nítorí àwọn èròjà kan wà nínú wọn tó ń tú ara wọn ká fúnra wọn, tó sì ń mú ooru jáde.

Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí á lóye ohun tó tẹ̀ lé e. Tí ẹ bá ti po ògì sínú omi, tí ẹ gbé e kalẹ̀, kò ní pẹ́ tí ògì á fi rọlẹ̀ sí ìsàlẹ̀, omi á sì dá wà lókè. Bẹ́ẹ̀ náà ni irin ṣe nínú òkúta tó yọ́ yẹn. Ó wúwo ju òkúta lọ ní ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ló bá rì lọ sí àárín gbùngbùn, níkẹ́ẹ̀lì sì bá a lọ. Ilé ayé tí a ń gbé yìí náà ṣe bẹ́ẹ̀; irin wà ní àárín rẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí ẹnikẹ́ni kò lè dé láéláé. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn òkúta kan lójú òfuurufú forí sọ ara wọn lẹ́yìn náà, wọ́n fọ́, àárín wọn sì hàn síta. Ẹ̀rún àárín irú òkúta bẹ́ẹ̀ ló ń rìn kiri lójú òfuurufú títí ó fi kan ayé wa. Nítorí náà, kì í ṣe ìràwọ̀ ló já. Ìràwọ̀ jẹ́ oòrùn bíi tiwa tó jìnnà réré. Ká ní ọ̀kan ṣoṣo lára wọn ló ń já bọ̀ wá bá wa, kò ní sí ẹni tó máa kọ àlàyé, kò sì ní sí ẹni tó máa kà á. Ohun tí a ń rí lálẹ́ tó ń sáré kọjá bí iná, tí a máa ń pè ní ìràwọ̀ tó já, kì í sábà tóbi ju hóró yanrìn lọ.

Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá ti ní nǹkan já láti òkè, ẹdùn àrá ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn Yorùbá. Mi ò wá bá oníṣàngó ṣe ọ̀rọ̀ níbí, àmọ́ òkúta ni ẹdùn àrá, àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ayé àtijọ́ sì fi hàn pé púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àáké òkúta tí àwọn ará ìgbàanì fọwọ́ ara wọn lọ̀ kí irin tó dé. Nǹkan ti òfuurufú pàápàá ti já ní Nàìjíríà rí o. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹwàá ọdún 1962, àgbẹ̀ kan ń lé ẹyẹ ìwò kúrò nínú oko àgbàdo rẹ̀ ní Zagami, lágbègbè Kàtsínà, nígbà tí òkúta kan tó tó kìlò méjìdínlógún ró gbòlà, tó sì lu ilẹ̀ níwọ̀n mítà mẹ́ta sí ibi tó dúró sí. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ni wọ́n wá mọ̀ pé pílánẹ́ẹ̀tì Mars ni òkúta náà ti wá. Òkúta ni tiẹ̀. Òkúta ni èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ohun tó ń já bọ́. Irin kò pọ̀ láàárín wọn.

Báwo wá ni wọ́n ṣe mọ̀ dájú pé irin Cape York kì í ṣe ti ilẹ̀ níbí? Wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé òòfà sún mọ́ nǹkan bẹ́ẹ̀, àmọ́ òòfà nìkan kò tó ẹ̀rí. Ìdàrọ́ pàápàá lè fa òòfà. Níkẹ́ẹ̀lì tún ńkọ́? Ó tó nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún nínú irin yìí. Ẹ̀rí tó tóbi jù ni èyí tó ń jáde tí wọ́n bá rẹ́ irin náà sí méjì, tí wọ́n dán ojú rẹ̀, tí wọ́n sì fi ásíìdì díẹ̀ pa á. Ọnà á là jáde lójú rẹ̀: ìlà gbọọrọ gbọọrọ tí wọ́n gba inú ara wọn kọjá, bí ẹní tí wọ́n fi ọwọ́ hun. Widmanstätten, ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Vienna, ló rí irú rẹ̀ ní 1808, orúkọ rẹ̀ sì ni wọ́n fi ń pè é títí di òní.

Kò sí ẹni tó lè ṣe ayédèrú ọnà yẹn. Àárín òkúta ràbàtà ni irin náà wà nígbà tó ń tutù, òkúta tó nípọn sì dì í mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí a bá fi ewé àti aṣọ di ẹ̀bà sínú àwo kó má baà tutù. Kí ooru rẹ̀ tó fi dìgírì kan ṣoṣo lọ sílẹ̀, ó ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ní irú ìrọra bẹ́ẹ̀ ni irin tí níkẹ́ẹ̀lì pọ̀ nínú rẹ̀ àti irin tí níkẹ́ẹ̀lì kò pọ̀ nínú rẹ̀ fi ráyè yà sọ́tọ̀, tí wọ́n sì to ara wọn ní ìlà ìlà. Iléru wo ló máa dúró fún ìyẹn?

Ohun kan tún wà tó máa ń rú ènìyàn lójú, tó sì ti rú onímọ̀ ńlá lójú rí. Ní 1870, Nordenskiöld, ọmọ Finland tó ń ṣiṣẹ́ fún Sweden, rí àwọn òkìtì irin ńláńlá létí òkun ní erékùṣù Disko, ní gúúsù Cape York, ní Greenland kan náà. Èyí tó tóbi jù níbẹ̀ wúwo ju ogún tọ́ọ̀nù lọ. Ó pariwo pé irin ọ̀run ni. Irọ́ ni, kì í ṣe pé ó mọ̀ọ́mọ̀ pa á. Steenstrup, ará Dẹ́nmáàkì, wá fi hàn pé irin kan náà wà ní hóró hóró nínú òkúta dúdú tí òkè ayọnáyèéfín tú jáde ní àgbègbè yẹn. Irin ilẹ̀ ni. Àmọ́ ta ló yọ́ ọ? Òkúta gbígbóná tó ń ṣàn bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ gba inú ìpele ilẹ̀ tó kún fún èédú kọjá, èédú náà sì já ọ́síjìn gbà kúrò lára irin inú rẹ̀. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ iléru àwọn baba wa gan-an ni, àfi pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ṣe é. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n gidi láyé. Tí ẹ bá rẹ́ irin Disko, ẹ ò ní rí ọnà bí ẹní yẹn, níkẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ sì kéré. Greenland nìkan ni mo mọ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ ti fi irin tó já láti òkè àti irin tí ilẹ̀ yọ́ fúnra rẹ̀ ṣe ọ̀bẹ, láìní àgbẹ̀dẹ kankan.

Ká padà sí Cape York. Irin tó já níbẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Ó fọ́ lójú afẹ́fẹ́ kó tó balẹ̀, ẹ̀rún rẹ̀ sì fọ́n ká. Mẹ́ta tí àwọn Inughuit mọ̀ dáadáa ní orúkọ: Àgọ́, tó tó tọ́ọ̀nù mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Obìnrin, tó tó tọ́ọ̀nù mẹ́ta, àti Ajá, tó tó irinwó kìlò. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé obìnrin kan tó ń ránṣọ, òun àti ajá rẹ̀ àti àgọ́ rẹ̀, ni ẹ̀mí búburú kan tó ń jẹ́ Tornarsuk jù sílẹ̀ láti ọ̀run. Ó dùn mọ́ mi pé àwọn tí kò ní òòfà, tí kò ní ásíìdì, ti sọ ibi tí irin náà ti wá láti ọjọ́ pípẹ́.

Àwọn kan máa ń béèrè pé ṣé ó gbóná, àti pé kí ló dé tí kò jó tán. Ìgbà tó ń gba inú afẹ́fẹ́ kọjá kò ju ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lọ. Awọ ara rẹ̀ ló máa ń yọ́ tí ó ń fò dànù. Inú rẹ̀ kì í mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Kòtò ńkọ́? Ní 2018, wọ́n kéde pé kòtò kan tó fẹ̀ tó kìlómítà mọ́kànlélọ́gbọ̀n wà lábẹ́ yìnyín Hiawatha ní àríwá Greenland, àwọn kan sì rò pé bóyá òun ni irin Cape York gbẹ́. Nígbà tó fi di 2022, wọ́n ti mọ ọjọ́ orí kòtò náà: nǹkan bí 58 mílíọ̀nù ọdún. Kò kan irin tiwa.

Iṣẹ́ ọwọ́ wọn lórí irin náà ló wú mi lórí jù. Wọn kò ní iná tó lè mú irin rọ̀, nítorí náà tútù ni wọ́n ń lù ú. Òkúta dúdú líle ni wọ́n fi ṣe ọmọ owú, ibòmíràn ni wọ́n sì ti ń gbé òkúta náà wá. Wọn á máa lu ara Obìnrin títí èèpá irin kékeré kan á fi ṣí kúrò, tí kò tóbi ju èékánná lọ nígbà mìíràn. Wọn á lù ú pẹlẹbẹ, wọn á wá gbẹ́ ihò tóóró sẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun tàbí eyín ẹran òkun, wọn á sì to èèpá irin náà sínú rẹ̀ ní ìkọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ọ̀bẹ dé. Ẹ fojú inú wo iye ọjọ́ tí ọ̀bẹ kan ń gbà nínú òtútù bẹ́ẹ̀! Irin yìí kò sì mọ sọ́dọ̀ wọn. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí i nínú ahoro ilé àwọn Inuit àtijọ́ ní Kánádà. Ọjà ni. Àwọn ènìyàn tí a rò pé yìnyín ti sé mọ́ ibì kan ń ra irin ọ̀run, wọ́n ń tà á, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí Ross tó dé.

Nítorí náà, tí ẹ bá kà á níbì kan pé Robert Peary, ará Amẹ́ríkà tó máa ń rìnrìn-àjò lọ sí àríwá ayé, ló ṣàwárí irin náà ní 1894, ẹ rọra gbà á. Ọmọ ibẹ̀ kan ló mú un débẹ̀, Peary sì fún un ní ìbọn. Ní ọdún kejì, ó gbé Obìnrin àti Ajá. Ìtàn kan wà tí wọ́n sọ fún un pé àwọn kan ti gé orí Obìnrin rí, kí wọ́n lè máa gé irin nítòsí ilé wọn. Wọ́n gbé e lé orí ọkọ̀ tí ajá ń fà, yìnyín òkun là, orí náà rì tòun ti ajá, agbára káká ni àwọn ènìyàn fi yọ. Ẹ̀yin ẹ wò ó: nígbà tí Peary náà fi pátákó yìnyín tó léfòó gbé Obìnrin sún mọ́ ọkọ̀ rẹ̀, yìnyín náà fọ́. Okùn tí wọ́n ti so mọ́ ọn ló yọ ọ́.

Àgọ́ kò gbà bọ̀rọ̀. Ní 1896, jáàkì ńláńlá kò tó o. Ní 1897 ni wọ́n tó tẹ́ pákó gẹdú àti irin ojú ọ̀nà rélùwéè sílẹ̀, tí wọ́n sì yí i wọ inú ọkọ̀ Hope. Ọmọbìnrin Peary, tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin, ló fọ́ ìgò wáìnì sí i lára, ó sì sọ ọ́ ní Ahnighito, ìyẹn orúkọ àárín tirẹ̀ fúnra rẹ̀, tó ti jẹ́ orúkọ obìnrin Inughuit tó rán aṣọ onírun àkọ́kọ́ fún un nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. American Museum of Natural History ní New York ló ra irin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nígbà tó yá, ní 40,000 dọ́là. Àgọ́ wúwo débi pé òpó tó gbé e dúró gba inú ilẹ̀ ilé náà lọ dé orí àpáta.

Irin nìkan kọ́ ló wà nínú ọkọ̀ Hope. Peary kó ènìyàn mẹ́fà lára àwọn Inughuit wá sí New York. Láàárín oṣù mélòó kan, àìsàn àyà pa mẹ́rin nínú wọn, ọ̀kan sì padà sílé. Ọmọdé kan tó ń jẹ́ Minik ló ṣẹ́ kù. Wọ́n ṣe ìsìnkú Qisuk, bàbá rẹ̀, lójú rẹ̀, àmọ́ igi ni wọ́n fi aṣọ dì. Eegun bàbá rẹ̀ wà nínú musíọ̀mù. Minik wá mọ̀ nígbà tó yá. Ó béèrè eegun náà, wọn kò fún un. Ó kú ní 1918, nígbà àjàkálẹ̀ àìsàn, láìtíì rí i gbà. Ọdún 1993 ni wọ́n tó kó eegun àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà lọ sin sí Qaanaaq.

Àwọn tó ń gbèjà Peary máa ń sọ pé àwọn Inughuit kò nílò irin ọ̀run mọ́ nígbà tó fi gbé e, nítorí wọ́n ti ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń pa àbùùbùtán. Òótọ́ ni pé wọ́n ti ń gba ọ̀bẹ. Àmọ́ tí ènìyàn bá ra ìkòkò tuntun, ṣé aládùúgbò wá lè wọlé gbé ìkòkò ìyá rẹ̀ lọ tà ni?

Ẹ̀rún irin náà kò tán síbẹ̀. Knud Rasmussen, arìnrìn-àjò ará Dẹ́nmáàkì, rí i dájú pé wọ́n gbé ọ̀kan tó lé ní tọ́ọ̀nù mẹ́ta dé Copenhagen ní 1925. Ní 1963, Vagn Buchwald, onímọ̀ nípa irin láti Dẹ́nmáàkì, rí òmíràn tó wúwo tó ogún tọ́ọ̀nù, Agpalilik ni wọ́n ń pè é. Ara rẹ̀ ni wọ́n ti rẹ́ pẹlẹbẹ ńlá tí ọnà bí ẹní yẹn hàn lójú rẹ̀ kedere, ẹni tó bá dé Copenhagen lè lọ wò ó.

Abúlé kékeré kan ṣì wà nítòsí ibi tí wọ́n ti kó irin náà, Savissivik ni orúkọ rẹ̀. Savik ni ọ̀bẹ, òun náà sì ni irin; ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń jẹ́ méjèèjì lédè wọn. Níbi tí Obìnrin jókòó sí kó tó kúrò, òkìtì ọmọ owú òkúta tí wọ́n fi lù ú títí ló yí ojú kòtò rẹ̀ ká. Àwọn ìyẹn ni Peary kò kó.